Ìbéèrè Yín Lórí Iná: Fíríìjì Tó Ń Gbé Èèyàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá oníná. Fíríìjì mi ń gbé mi díẹ̀díẹ̀ tí mo bá fọwọ́ kàn án, pàápàá tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi ṣì tutù. Rìwáyà wa ní kò séwu, kí n ṣáà máa wọ sílípáàsì. Òun náà ló gé ẹsẹ̀ kẹta plọ́ọ̀gì ẹ̀ torí ẹsitẹ́ńṣọ̀n wa ò gbà á. Ṣé kí n máa bẹ̀rù ni? Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn.

Ìyá Ìbejì, ẹ bẹ̀rù o! Ọ̀rọ̀ sílípáàsì kọ́ lèyí rárá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ pa á níbi sọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, ẹ yọ plọ́ọ̀gì ẹ̀, kẹ́ ẹ má sì tan án mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe, torí àwọn ọmọ kì í wọ bàtà nínú ilé.

Ibì kan ń bẹ nínú fíríìjì yẹn tí wáyà ti bó, tàbí kó jẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ ló ń jo iná, iná wá bọ́ sára páànù. Ẹsẹ̀ kẹta tí wọ́n gé yẹn ló yẹ kó gba irú iná bẹ́ẹ̀ lọ sínú ilẹ̀, kí fíúsì tàbí bírékà sì já lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti gé e, iná ò rọ́nà, ara yín ló wá ń gbà kọjá, ilẹ̀ tútù sì ń ràn án lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ yẹn ló gùn jù lára plọ́ọ̀gì, òun ló ń kọ́kọ́ wọlé tó ń ṣí ìdérí kékeré tó bo ihò méjì tó kù. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi máa ń ki bírò bọ ihò òkè kí plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè wọlé, ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i, torí ọmọ tó bá rí màmá ẹ̀ níbi tó ti ń ṣe é, ìṣó lòun máa kì bọ̀ ọ́. Ṣájà fóònù àtàwọn nǹkan tó ní àmì bọ́kìsì kékeré nínú bọ́kìsì ńlá lára ò nílò ẹsẹ̀ kẹta, wọ́n ti dáàbò bò wọ́n nílọ̀po méjì látilé iṣẹ́, ẹ ra àdáptọ̀ fún wọn. Ti fíríìjì kò rí bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá ra plọ́ọ̀gì tuntun, iṣẹ́ ò tíì parí o. Ọ̀pọ̀ ilé ni wáyà earthing, ìyẹn èyí tó yẹ kó gba iná láti ẹsẹ̀ kẹta lọ sínú ilẹ̀, ò ti lọ síbì kankan, wọ́n kàn ká a sẹ́yìn sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí lánlọ́ọ̀dù fi ọ̀pá earthing ilé hàn yín, irin tí wọ́n fi bàbà bò tí wọ́n gbá wọlẹ̀, tí wáyà gidi so ó mọ́ ibi tí bírékà wà. Wọ́n máa ń da èédú àti iyọ̀ sí kòtò ẹ̀, àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti gbẹ ilẹ̀ agbára ẹ̀ máa ń dínkù, ẹ máa bu omi sí i. Kí wọ́n fi mítà earthing wọ̀n ọ́n, tẹ́sítà lásán ò lè sọ bó ṣe rí.

Towó bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi RCD 30 milliamp, irú bírékà kan tó ń ṣọ́ iná tó bá ń jo, kún un. Bírékà 20 amp ò mọ̀ pé èèyàn niná ń gbé, iná gbọ́dọ̀ ju 20 amp lọ kó tó já, bẹ́ẹ̀ ìdá kan nínú mẹ́wàá amp kan péré lè dá ọkàn èèyàn dúró. RCD ní tiẹ̀, tó bá ti rí i pé iná tó jáde ò padà wá tán, ó já nìyẹn. Ẹ má sì pe rìwáyà yẹn mọ́ o. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ààbò iná, ló ń fún àwọn oníná níwèé ẹ̀rí ní Nàìjíríà, ẹ bèèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ máa pè.

Bọ̀dá, wáyà tó ní plọ́ọ̀gì lórí méjèèjì la fi ń gbé iná jẹnẹrétọ̀ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì nílé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ń ṣojo. Ìkòròdú.

Àbúrò, o ò ṣojo. Tí orí kan bá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, iná wà lára irin orí kejì tó wà lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá sì gbàgbé láti pa bírékà ńlá, iná yẹn á padà lọ sára tíránsífọ́mà àdúgbò, á sì lè sọ ọ́ di 11,000 volt, òṣìṣẹ́ NEPA tó wà lórí òpó á rò pé kò síná lára wáyà. Ṣéńjì-ófà lẹ máa fi sí i, ìyẹn súìsì tí kì í jẹ́ kí iná NEPA àti ti jẹnẹrétọ̀ wọlé pa pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún, ìta ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé, torí gáàsì tó ń pa èèyàn nínú èéfín ẹ̀ ò ní òórùn.

Tí ààrá bá ń sán, ṣé kí n pa rọ́tà Wi-Fi? Ọ̀yọ́.

Pípa nìkan ò tó. Ẹ yọ plọ́ọ̀gì ẹ̀ àti wáyà díìṣì tàbí ẹ̀ríà tó ti ìta wọlé kí òjò tó dé, tí ààrá bá ti ń sán lórí yín, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.