Ṣé inú PS4 lè gbé nínú àpótí CPU?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ilé géèmù kékeré ni mo ń ṣe ní Òṣogbo, PS4 mẹ́ta ni mo fi ń ṣe é. Ọ̀kan nínú wọn, èyí tó sanra, já bọ́ látorí tábìlì, ike rẹ̀ sì fọ́ ní igun méjì, àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé bí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, fáànù rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, tó bá yá á kú mọ́ àwọn oníbàárà lójú. Àǹtí mi kan wá fún mi ní àpótí CPU àtijọ́, onírin, tó ga dáadáa. Ṣé mo lè kó inú PS4 yìí sínú rẹ̀? Ṣé á tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Power pack tó wà nínú àpótí náà ṣì dára, ṣé mo lè fi tan PS4?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú ọrọ̀ ajé. Ó ṣeé ṣe. Mo ti ṣe é rí, mo sì ti tún èyí tí àwọn mìíràn ṣe tó dàrú ṣe. Power pack inú àpótí yẹn ni kò ṣeé lò, màá sọ ìdí rẹ̀ tí mo bá débẹ̀. Ní ti pé bóyá á tutù, má fi bí àpótí ṣe tóbi tó tan ara rẹ jẹ. Ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, tó ń gbà kọjá lára ohun tó gbóná, tó sì ń gbà jáde ló ń mú géèmù tutù. Mo ti rí PS4 tí wọ́n gbé sínú àpótí gbàǹgbà, tó sì ń gbóná ju ìgbà tó wà nínú ike rẹ̀ lọ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ wo gbígbóná yẹn, torí ó lè jẹ́ pé o ò nílò àpótí rárá. Oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni PS4 àkọ́kọ́ jáde, ní 2016 ni èyí tó tín-ínrín gba ipò rẹ̀. Èyí tó sanra tó wà lọ́wọ́ rẹ ti dàgbà. Thermal paste, ìyẹn ọ̀rá tó ń gbé ooru kọjá, tí wọ́n fi sáàárín ọpọlọ rẹ̀ àti heatsink, irin tó ń fa ooru kúrò lára ọpọlọ náà, ti ṣeé ṣe kó gbẹ bí ẹfun, eruku ilé géèmù á sì ti dí àwọn irin tín-ínrín heatsink náà pa, àwọn tó tò bí eyín òòyà. Tú u, fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti afẹ́fẹ́ gbá eruku kúrò, di fáànù mú kó má yí nígbà tí o bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Fi sípíríìtì nu paste àtijọ́ kúrò pátápátá, kí o fi tuntun sí i, ìwọ̀n ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó. Kó o padà sínú ike tó fọ́ yẹn, kí o fi ṣòwò fún ọjọ́ méjì. Bó bá ti dẹ́kun kíkú, a jẹ́ pé ike nìkan ló kù tí à ń wá ojútùú sí.

Ká ní o ṣe ìyẹn tán, tí o ṣì fẹ́ àpótí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á tú PS4 palẹ̀ dórí motherboard, ìyẹn bọ́ọ̀dù ńlá inú rẹ̀, wọ́n á wá so ó mọ́ ara àpótí bíi ti kọ̀ǹpútà. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ méjì ló gbá motherboard yẹn mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí búrẹ́dì ṣe ń gbá àkàrà mú. Wọn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Memory 8 GB ni PS4 ní. Lára CUH-1000 àti CUH-1100, ìyẹn nọ́ńbà irú PS4 tó sanra méjì àkọ́kọ́, ẹyọ 16 ni wọ́n pín in sí, mẹ́jọ lójú bọ́ọ̀dù, mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀. Ara irin méjèèjì yìí ni ooru wọn ń gbà jáde, nípasẹ̀ àwọn páàdì rírọ̀ tó wà láàárín wọn. Ẹni tó bá sọ irin náà nù torí pé heatsink ṣì wà, memory rẹ̀ á máa jó díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà CUH yìí wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara géèmù rẹ, wò ó kí o tó bẹ̀rẹ̀, a ṣì máa nílò rẹ̀.

Power pack PS4 náà, fi í sílẹ̀ ní ipò tó wà. Fáànù kan ṣoṣo ló wà nínú PS4, atẹ́gùn tó sì fẹ́ gba inú heatsink náà ló tún ń tu power pack lára kó tó gba ẹ̀yìn jáde. Bí o bá yọ power pack lọ sí ìsàlẹ̀ àpótí níbi tí ti kọ̀ǹpútà máa ń wà, o ti gbé e kúrò níbi atẹ́gùn. Nítorí náà ike nìkan ni kí o bọ́. Irin méjèèjì, heatsink, fáànù àti power pack, odindi ni kí o gbé wọn. Lẹ́yìn náà, wo etí fáànù yípo: níbi tí ike ti ń dí àlàfo tẹ́lẹ̀, fi fóòmù alátè dí i, kí atẹ́gùn má baà yẹ̀ bá ẹ̀gbẹ́ láìgba inú heatsink kọjá. Ibi kékeré yìí ló ń pinnu bóyá iṣẹ́ náà á dára.

Ní ti ìwọ̀n, PS4 tó sanra pẹ̀lú ike rẹ̀ jẹ́ 305 mm ní gígùn, 275 mm ní fífẹ̀, 53 mm ní nínípọn. Motherboard ATX tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe irú àpótí tìrẹ jẹ́ 305 mm sí 244 mm. Bí ike bá kúrò, tí o sì yọ ilé hard disk àtijọ́ inú àpótí, ó máa ń gbà á. Ihò síkúrúù wọn ni kò bára mu, o ò sì gbọdọ̀ lu ihò kankan sára motherboard nítorí ìyẹn. Gé perspex tó nípọn tó 5 mm, to gbogbo rẹ̀ lé e, fi bírò sàmì sí ibi tí síkúrúù ike ń gbà tẹ́lẹ̀, lu ibẹ̀ ní dírílì, kí o wá de perspex náà mọ́ ara àpótí. Jẹ́ kí PS4 fi nǹkan bí 10 mm ga sókè lórí perspex, kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Kò burú tó bá dúró lóròó, PS4 lè ṣiṣẹ́ lóròó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti sọ, ẹ̀yin tí ẹ ní ilé géèmù tí ọmọ ọlọ́mọ ń wọlé tó ń jáde, ẹ má gbàgbé èyí. Wo okùn iná PS4 rẹ. Wáyà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ rí bí 8. Kò ní wáyà áàtì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Ike tó bo géèmù náà ló ń dáàbò bo ẹni tó fọwọ́ kàn án, bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ tí o bá bọ́ ike yẹn tí o gbé e sínú irin, ààbò náà ti lọ. Bí wáyà iná kan bá bó, tó kan ara àpótí, gbogbo àpótí di iná, ọmọ tó dúró láìwọ bàtà lórí sìmẹ́ǹtì tútù ni iná á gbé. Bí wáyà kankan ò tilẹ̀ bó, kapásítọ̀ kékeré kan wà nínú irú power pack bẹ́ẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí iná díẹ̀ yọ́ jáde sára irin, tí á máa ta èèyàn lọ́wọ́ bí ẹni pé èèrà ń rìn lára rẹ̀. Wọ́n gbé irú rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún kan. Ẹni tó ni ín sọ pé ó máa ń “ta àwọn ọmọ díẹ̀díẹ̀.” Kò mọ̀ pé kò sí áàtì níbẹ̀ rárá.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹlẹ́tíríìkì tó mọṣẹ́ de ẹnu okùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, irú ti kọ̀ǹpútà, mọ́ ẹ̀yìn àpótí. Wáyà aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò á lọ sára irin àpótí, níbi tí ẹ ti ha ọ̀dà kúrò tán, kí síkúrúù dì í pinpin. Wáyà méjì yòókù á lọ sí power pack PS4, kí ibi tí wọ́n ti so pọ̀ wà nínú ike, kó má sì sí ojú wáyà kankan níta. PS4 àkọ́kọ́ kì í jẹ ju 250 W lọ. Lórí iná 230 V, ìyẹn kò pé 2 A. Fíúsì 3 A ló yẹ kó wà nínú púlọ́ọ̀gì rẹ, yọ 13 A tó bá a wá. Kí ẹlẹ́tíríìkì náà tún fi mítà yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù rẹ wò, torí ọ̀pọ̀ ilé ló wà tí ihò kẹta wà lára ògiri tí kò sí irin kankan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níta. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní tìrẹ, àpótí irin yẹn kò yẹ ilé géèmù rẹ títí wọ́n á fi rì í.

Power pack kọ̀ǹpútà tí o béèrè: 12 V ni PS4 ń lò, pẹ̀lú 4.8 V tó máa ń wà níbẹ̀ nígbà tó bá sùn. Ti kọ̀ǹpútà ní 12 V lóòótọ́, àmọ́ 5 V ló ń fi sùn, ẹnu wáyà wọn yàtọ̀, àṣẹ tí bọ́ọ̀dù fi ń jí i náà yàtọ̀. Àwọn kan ti so ó pọ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Mi ò lè gbà ọ́ nímọ̀ràn rẹ̀ lórí ohun tí o fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ power pack àtijọ́ tí mo ti dán wò ni kò lè gbé ìdajì iye tí wọ́n kọ sára wọn. Lo ti PS4, má sì ṣí i: kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ń tọ́jú iná tó lé ní 300 V, iná náà sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti fa púlọ́ọ̀gì yọ.

Àwọn ìyókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Irin máa ń dí ọ̀nà Bluetooth, páàdì tí wọ́n fi ń ṣeré á sì máa já. Má gé wáyà áńtẹ́nà, fà á wá síwájú, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ike iwájú àpótí. Bó bá jẹ́ CUH-1200 ni tìrẹ, bọ́tìnì títẹ̀ ló ní, o lè jó wáyà méjì mọ́ ọn lọ sí bọ́tìnì àpótí. CUH-1000 àti CUH-1100, fífọwọ́kàn ni tiwọn, bọ́tìnì kọ̀ǹpútà kò lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Fi páàdì máa tan án. Ẹ̀rọ díìsìkì rẹ̀ àti motherboard mọ ara wọn, bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ díìsìkì mìíràn kò ní ka géèmù, wáyà pẹlẹbẹ tó so wọ́n pọ̀ sì kúrú, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó wà. Gé ojú àpótí níbẹ̀ kí díìsìkì lè ríbi wọlé. Ra okùn HDMI kúkurú tó ní ẹnu abo, dè é mọ́ ẹ̀yìn àpótí, kí àwọn oníbàárà má baà máa fa ẹnu HDMI ara motherboard. Ní ilé géèmù, ẹnu yẹn ló máa ń kọ́kọ́ já.

Fi fáànù 120 mm kan síwájú tó ń fẹ́ wọlé, ọ̀kan lẹ́yìn tó ń fẹ́ jáde. Ra irú tó ń lo USB 5 V, kí o so ó mọ́ ojú USB PS4, wọ́n á jọ máa tàn, wọ́n á jọ máa kú. Ta àwọ̀n tín-ínrín sójú ti iwájú, kí o máa fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ìgbà ọyẹ́ náà ni iná ara èèyàn máa ń pọ̀, fọwọ́ kan irin tó kan ilẹ̀ kí o tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí o bá parí, má gbé e fún oníbàárà lọ́jọ́ náà. Fi géèmù bọ́ọ̀lù ṣeré lórí rẹ̀ fún wákàtí méjì ní ọ̀sán gangan, láìbo ẹ̀gbẹ́ àpótí, kí o wá bò ó kí o tún ṣe wákàtí méjì mìíràn. Bí fáànù bá ké ju ìgbà tó ṣí sílẹ̀ lọ, tàbí tí ó kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé PS4 ti gbóná jù, padà síbi fóòmù tí mo sọ níṣàájú.

Tí o bá sì ka gbogbo èyí tí o rí i pé ọ̀rọ̀ áàtì kò lè ṣeé ṣe ní ṣọ́ọ̀bù rẹ, lọ bá àwọn tó ń tún géèmù ṣe, béèrè òfìfo ike PS4 tí motherboard rẹ̀ ti kú. A máa ń ní in nílẹ̀. Kí nọ́ńbà CUH rẹ̀ bá tìrẹ mu, torí ike CUH-1200 kò bá ti àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ mu.