Ọ̀gá pè mí síbi oúnjẹ barbecue ní Houston, n kì í sì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀: kí ni kí n yàn?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Kò tíì pẹ́ tí mo dé Houston láti Ìbàdàn. Ọ̀gá tí mo ń bá ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó ti pe gbogbo àwa òṣìṣẹ́ síbi oúnjẹ alẹ́ ní ilé oúnjẹ barbecue (ẹran tí wọ́n fi èéfín sè) olówó gọbọi kan, òun ni yóò sì sanwó. Mùsùlùmí ni mí, n kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Mo wo mẹ́nù wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó rú mi lójú: ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ta ẹran, wọ́n ní kí ènìyàn sọ bóyá ọlọ́ràá ló fẹ́, ẹran inú àwòrán sì pupa bí èyí tí kò jinná. Kí ni mo lè jẹ tí ọkàn mi á balẹ̀? Báwo ni mo ṣe lè béèrè ohun tó wà nínú oúnjẹ láìsọ ara mi di àpéwò lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi? Ṣé ó sì yẹ kí n fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá lówó, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀gá ló ń sanwó?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àbọ̀ sí Houston. Iṣẹ́ alábòójútó ilé oúnjẹ ni mo ń ṣe ní ìlú yìí, irú ìbéèrè yín yìí sì máa ń dé etí wa dáadáa. Igẹ̀ màlúù tí wọ́n ń pè ní brisket ni kí ẹ yàn. Kí ẹ sì mọ̀ pé ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ ti máa ń yọ́ wọlé sínú àwo ẹni tí kì í jẹ ẹ́ kì í sábà jẹ́ inú ẹran, inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti búrẹ́dì tí wọ́n gbé ti ẹran ni.

Ó dára tó jẹ́ pé Texas ni ẹ wà. Bí ó bá jẹ́ pé apá ìlà-oòrùn North Carolina ni wọ́n ti pè yín, odindi ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi ọtí kíkan (vinegar) àti ata sí lára ni wọn ì bá gbé síwájú yín, òun gan-an ni wọ́n sì ń pè ní barbecue níbẹ̀. Ní Memphis, egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀ ló lókìkí jù. Ní Texas, màlúù ni olórí ẹran, pàápàá ní àárín gbùngbùn ìpínlẹ̀ náà, ní ìlú bíi Lockhart, níbi tí àwọn alápatà tó ṣí wá láti Jámánì àti ilẹ̀ àwọn Czech ti ń fi èéfín gbẹ ẹran ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn aláwọ̀ dúdú náà kó ipa ńlá nínú iṣẹ́ ìdí ààrò yìí káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà, láti ìgbà oko ẹrú títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tí àwọn ìwé ìròyìn oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn bó ti yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ pupa yẹn kúrò lọ́kàn yín. Igẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tó le jù lára màlúù, nítorí pé egungun tó so èjìká mọ́ àyà lára ènìyàn kò sí lára màlúù rárá, iṣan igẹ̀ ló ń gbé ìwọ̀n iwájú ara rẹ̀ ró nígbà gbogbo. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹran bẹ́ẹ̀ lé iná tààrà bí àwọn onísùyà ti ń ṣe, eyín ló máa jìyà rẹ̀. Nítorí náà, alásè Texas á fi iyọ̀ àti ata dúdú ra á lára, á gbé e sínú ààrò níbi tí ọwọ́ iná kò ti kàn án, tí ooru rẹ̀ wà láàárín 225 sí 275 ní òṣùwọ̀n Fahrenheit, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 107 sí 135 ní ti Celsius, á sì jẹ́ kí èéfín igi óákù máa fẹ́ sí i fún wákàtí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láàárín wákàtí wọ̀nyí ni àwọn okùn líle inú ẹran á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, títí ọ̀bẹ á fi lè wọlé láìjà. Nígbà tí wọ́n bá fi máa gbé e kúrò, inú rẹ̀ á ti gbóná dé nǹkan bí 200 Fahrenheit, bẹ́ẹ̀ 145 péré ni ìjọba Amẹ́ríkà ní kí ègé ẹran màlúù tí a yan gbóná dé kí ó tó ṣeé jẹ.

Ibo wá ni pupa náà ti wá? Bí igi bá ń jó, afẹ́fẹ́ nitric oxide a máa bá èéfín jáde, á wọ ojú ẹran nígbà tí ẹran ṣì tutù, á sì so mọ́ èròjà tó ń fún ẹran ní àwọ̀ rẹ̀, débi pé ooru kò lè pa àwọ̀ náà dà mọ́. Èyí ló fi jẹ́ pé etí ẹran, ní abẹ́ èépá dúdú ìta rẹ̀, ni òrùka pupa náà wà, tí àárín rẹ̀ sì jẹ́ búráùn. Bí ó bá jẹ́ pé àárín ló pupa, tí etí rẹ̀ sì jẹ́ búráùn, a jẹ́ pé steak, ìyẹn ègé ẹran tí wọ́n yan lórí iná, ni wọ́n gbé fún yín, ẹ sì lè dá a padà kí wọ́n fi kún jíjinná rẹ̀. Adìẹ àti tòlótòló tí wọ́n fi èéfín sè náà máa ń ní irú àwọ̀ yìí, kò sì túmọ̀ sí pé wọn kò jinná.

Igẹ̀ kan ní apá méjì. Ọ̀kan pẹlẹbẹ, ọ̀rá rẹ̀ kéré, òun ni mẹ́nù ń pè ní lean. Èkejì sanra, ọ̀rá wọ inú rẹ̀ káàkiri, òun ni wọ́n ń pè ní fatty tàbí moist. Bí wọ́n bá bi mí, ọlọ́ràá ni máa ní kí ẹ yàn ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí pé apá pẹlẹbẹ máa ń tètè gbẹ bí ó bá ti pẹ́ lórí pákó ìgéran, pàápàá ní alẹ́. Ìdajì pọ́n-ùn, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 227 gíráàmù, tó ẹnì kan jẹ dáadáa. Kí owó rẹ̀ má bà yín lẹ́rù: ní àwọn ilé tó gbayì, pọ́n-ùn kan lè ju 30 dọ́là lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti gé ọ̀rá kúrò, tí omi ara rẹ̀ sì ti gbẹ nínú ààrò, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ẹran tútù tí wọ́n rà ló máa ń ṣẹ́kù fún títà.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ibí ni mo sì fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n sè pẹ̀lú ṣúgà tàbí ata sábà máa ń ní bacon nínú, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì ni bacon. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní collard, tó máa dà bí ẹ̀fọ́ ilé lójú yín, ọrùn ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí a fi èéfín gbẹ ni wọ́n fi ń sè é láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Àwọn ilé kan ti ń lo tòlótòló dípò rẹ̀, ẹ kò sì lè fi ojú mọ ìyàtọ̀. Ẹ óò rí ilá díndín àti ẹ̀wà olójú dúdú, àwọn oúnjẹ méjèèjì tó bá àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà débẹ̀, inú yín á sì dùn láti rí wọn. Àmọ́ ẹ̀wà yẹn náà kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ ẹlẹ́dẹ̀, ilá sì lè jẹ́ pé ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi dín in. Wọ́n lè fi ọ̀rá yẹn kan náà pa ara páànù kí wọ́n tó da búrẹ́dì àgbàdo sínú rẹ̀. Ẹ̀wà tútù eléèpo náà kì í sábà yọ sílẹ̀.

Sọ́séèjì ló máa ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n lè kọ ọ́ sí mẹ́nù pé màlúù ni, kí ó sì jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ kí ìfun tí wọ́n rọ ẹran náà sí jẹ́ ìfun ẹlẹ́dẹ̀. Kì í ṣe pé ilé oúnjẹ fẹ́ rẹ́ni jẹ, ohun tó wà nínú nìkan ni wọ́n ka sí ẹran. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kí ló wà nínú rẹ̀, kí ni wọ́n sì rọ ọ́ sí.

Nínú ohun dídùn tí wọ́n ń jẹ kẹ́yìn, pie tí wọ́n fi èso pecan ṣe lè ní ọtí bourbon nínú, àwọn sọ́ọ̀sì kan náà bẹ́ẹ̀. Marshmallow tí wọ́n ń tò sórí ọ̀dùnkún, jẹ́látìnì ni wọ́n fi ń ṣe é, ti ẹlẹ́dẹ̀ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kábéèjì tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, kùkúḿbà tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan, àlùbọ́sà àti búrẹ́dì funfun kò sábà ní wàhálà.

Ohun kan ṣì kù tí mẹ́nù kò ní sọ. Ààrò kan náà ni wọ́n sábà fi ń se màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀, pákó kan náà àti ọ̀bẹ kan náà ni wọ́n sì fi ń gé wọn. Bí èyí bá kan yín, ẹ lè ní kí wọ́n nu pákó, kí wọ́n sì pààrọ̀ ọ̀bẹ. Ilé oúnjẹ gidi á ṣe é láìjanpata. Ti ààrò ni wọn ò lè yí padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Ní ti bóyá ẹran tí a kò dú ní ìlànà Ìsìláàmù tọ́ sí yín láti jẹ, ọ̀dọ̀ àlùfáà yín ni ìdáhùn yẹn wà, kò sí lọ́dọ̀ onílé oúnjẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wà nídìí tábìlì yẹn bá yín dáhùn rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ẹja. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ńlá máa ń ní ẹja sálmọ̀n tàbí edé tí wọ́n ń sè sórí iná ọ̀tọ̀.

Bí ẹ ṣe máa béèrè láìdi àpéwò nìyí: ẹ pe ilé oúnjẹ náà lórí fóònù ní ọjọ́ méjì ṣáájú, láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán. Èrò ọ̀sán á ti lọ nígbà náà, ti alẹ́ kò sì tíì dé, ẹni tó bá gbé fóònù á ráyè rìn dé ilé ìdáná lọ béèrè. Ẹ sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ yín àti ọjọ́ tí ẹ ń bọ̀, ẹ sọ pé ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ìdí orúkọ tí wọ́n fi gba tábìlì sílẹ̀. Wéítà á ti mọ̀ kí ẹ tó jókòó, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kan ló máa kù láàárín ẹ̀yin àti òun. Ẹ má ṣe bèèrè pé, “Ṣé oúnjẹ yìí dára?” nítorí “bẹ́ẹ̀ ni” ló máa dáhùn. Ohun tí ẹ máa bèèrè ni, “Ọ̀rá wo lẹ fi sè é, ẹran wo ló sì wà nínú omi rẹ̀?”

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí wọ́n bá gbé ẹran wá lórí páálí tàbí bébà nínú ilé olówó gọbọi, àṣà wọn ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí ìwé Michelin, tó ń fi ìràwọ̀ dá àwọn ilé oúnjẹ tó dára lọ́lá, kọ́kọ́ yẹ àwọn ilé oúnjẹ Texas wò, ilé barbecue mẹ́rin ló fún ní ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan, CorkScrew BBQ tó wà ní Spring lẹ́bàá Houston sì wà lára wọn. Kò sí aṣọ funfun lórí tábìlì níbẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ẹran fún gbogbo tábìlì lórí àwo ńlá kan, ẹ ní kí wọ́n gbé tiyín wá lọ́tọ̀, nítorí omi ara ẹlẹ́dẹ̀ á ti ṣàn dé ọ̀dọ̀ màlúù. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ẹran wò kí ẹ tó da sọ́ọ̀sì sí i. Kreuz Market ní Lockhart, tó ti wà láti ọdún 1900, fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ̀ láti fún oníbàárà ní sọ́ọ̀sì tàbí fọ́ọ̀kì, torí wọ́n gbà pé ẹran tó dára kò nílò wọn. Ẹ lè fi ọwọ́ jẹ ẹran eléegun láìtijú. Ní ti aṣọ, ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ àti ṣòkòtò gígùn ti tó, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tó ṣeé fọ̀ nílé, nítorí òórùn èéfín kì í tètè lọ lára aṣọ.

Ní ti owó wéítà, ẹni tó bá san owó oúnjẹ ló ń san tip pẹ̀lú, ẹ̀yin kò ní láti fi nǹkan kan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá dá lọ, ẹ má fò ó. Láti ọdún 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti gbà kí ilé oúnjẹ máa san 2.13 dọ́là péré ní wákàtí kan fún ẹni tó ń gba tip, iye yẹn náà sì ni Texas ń lò. Tip ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gbọ́ bùkátà. Ìdá 18 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún ló bójú mu, lórí owó oúnjẹ kí wọ́n tó fi owó orí kún un. Bí oúnjẹ bá jẹ́ 60 dọ́là, tip yín jẹ́ nǹkan bí 11 tàbí 12. Bí ẹ bá pọ̀ tó mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ka bíìlì dáadáa, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti fi tip kún un.

Bí ẹran bá ṣẹ́kù sílẹ̀, ẹ béèrè àpótí láti fi gbé e lọ sílé. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀, ọ̀gá yín gan-an lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sínú fíríìjì kí wákàtí méjì tó pé, nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ fi fọ́ìlì wé e pẹ̀lú ẹ̀kán omi díẹ̀, kí ẹ gbé e lé ooru tó rọra ń rú títí yóò fi gbóná wọnú. Máíkíróweefù á gbẹ ẹ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú.