Èsì: Oògùn wo ni kí n rà fún kòkó tó ń dúdú?

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ̀gbọ́n. "Oògùn kòkó wo ló dára?" tí ẹ bi àwọn tó ń ta oògùn l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́ ló jẹ́ kí kálukú máa dárúkọ tiẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: "Èso kòkó mi ń dúdú, ó ń jẹrà látìgbà tójò ti pọ̀, èwo ló ní kọ́pà nínú?" Kọ́pà (copper) ni èròjà tó ń gbógun ti ìjẹrà yẹn; oògùn kòkòrò ò ràn án rárá.

Àmọ́ bó bá jẹ́ àpá dúdú kéékèèké lẹ rí, tí ọ̀mùnú sì ń gbẹ, kòkòrò ni. Ìbéèrè yí padà nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ dání.

Ẹ má sanwó o, àfi tí wọ́n bá sọ ìwọ̀n omi tí ẹ máa pò ó mọ́. Kí ẹ tó fín in, ẹ ká gbogbo èyí tó ti jẹrà kúrò lórí igi.