Kí ló gbé ooru lọ láìsí òjò? Ìbéèrè yín lórí ojú ọjọ́ San Francisco

Lẹ́tà tó wọlé lọ́sẹ̀ yìí látọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa tó wà ní California pọ̀ gan-an, ojú ọjọ́ ni gbogbo wọn sì ń sọ, torí náà ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa owó ilé àti físà ẹ ṣe sùúrù fún wa, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kàn yín.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Hayward ni mò ń gbé, lódìkejì ọ̀sà San Francisco, màmá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé láti wá bá mi tọ́jú ìkókó. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n dé gan-an ni ooru bẹ̀rẹ̀, ooru burúkú, ó lé ní 100 dígírì Fahrenheit, a ò ní AC, fáànù kan ṣoṣo la ní, Màmá ní àwọn ò mọ̀ pé Amẹ́ríkà náà máa ń gbóná báyìí, wọ́n ní kí n tẹ́ ẹní sí bákónì fáwọn. Ọjọ́ kẹta, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, atẹ́gùn kan kàn dédé dé, nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́ kùrukùru ti bo gbogbo òkè iwájú ilé wa, òtútù ń mú, Màmá ń béèrè súẹ́tà. Òjò ò sì kán tó! Wọ́n ní àwọn ò rí i rí kí ooru lọ láìjẹ́ pé òjò rọ̀, pé ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ayé nínú. Ẹ jọ̀ọ́ kí ló fà á, ṣé kí n ra AC àbí kí n tọ́jú owó mi? — Ìyá Ìkókó, Hayward

Ìdáhùn: Ìyá Ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ, ẹ bá wa kí Màmá dáadáa. Ohun tí wọ́n sọ yẹn bọ́gbọ́n mu téèyàn bá wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Nílé, ooru oṣù kẹta, òjò ló máa ń lé e lọ: ẹ̀fúùfù á jà, eruku á dìde, páànù ẹlòmíì á ṣí, àrá á sán, òjò á dà, ilẹ̀ á wá tutù. Àmọ́ ní àgbègbè yín yẹn, láti bí oṣù karùn-ún títí wọ oṣù kẹsàn-án òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀, ìgbà òtútù ni òjò tiwọn. Òkun ló ń lé ooru lọ lọ́dọ̀ yín.

Ẹ wò ó, omi Pàsífíìkì tó wà níwájú San Francisco yẹn tutù, ó tutù débi pé tí àjèjì bá kó sínú ẹ̀ á pariwo. Láti nǹkan bí oṣù kẹta tàbí kẹrin lọ, atẹ́gùn máa ń ti àríwá ìwọ̀-oòrùn wá, á máa gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ sí gúúsù, bí ayé sì ṣe ń yí, omi tí atẹ́gùn yẹn ń tì kì í lọ tààrà, ṣe ló máa ń yà sọ́tùn-ún, á kúrò létí ilẹ̀ lọ sí agbami, omi tó wà nísàlẹ̀ níbi tí oòrùn ò dé á wá gòkè wá dí àyè ẹ̀. Tí atẹ́gùn yẹn bá le dáadáa, omi etíkun ò ju 10 sí 13 dígírì Celsius lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá gba orí irú omi bẹ́ẹ̀ kọjá kò lè ṣe kó má tutù, ọ̀rinrin inú ẹ̀ á wá di kùrukùru. Ìdí tí kò sì fi ń di òjò ni pé afẹ́fẹ́ gbígbóná míì wà lókè ẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó dé e mọ́lẹ̀ bí ìdérí ìkòkò, kò jẹ́ kó ga, torí náà ẹ̀gbẹ́ nìkan ló rí tàn sí.

Bó ṣe wà lójoojúmọ́ nìyẹn. Ooru ló jẹ́ àlejò níbẹ̀ lóṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, àwọn ọmọ ibẹ̀ ò tiẹ̀ retí oòrùn púpọ̀ nígbà yẹn, May Gray àti June Gloom ni àwọn ará etíkun California máa ń pe oṣù méjèèjì.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta tí Màmá fẹ́ sùn sí bákónì? Atẹ́gùn ló yí padà. Nígbà míì, afẹ́fẹ́ tó wúwo máa ń lọ jókòó sórí ilẹ̀, lápá ìpínlẹ̀ Nevada àti Oregon, á wá máa ti atẹ́gùn láti orí ilẹ̀ lọ sínú òkun, kùrukùru á sá lọ sọ́hùn-ún. Atẹ́gùn yẹn orí òkè ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, bó ṣe ń sọ̀ ni èyí tó wà lókè ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, bí wọ́n sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń gbóná sí i, nǹkan bíi 10 dígírì Celsius fún gbogbo 1,000 mítà tó bá sọ̀, láìjẹ́ pé oòrùn kàn án rárá. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọyẹ́, ó ní bó ṣe jọ ọ́ o: àríwá ìlà-oòrùn náà lọyẹ́ ti ń wá, ó gbẹ, ó ń bẹ́ ètè, àmọ́ ọyẹ́ kì í tirí òkè gíga já bọ́ lù wá, aṣálẹ̀ tó ti tutù lóru ló ń gbà wá sílé, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ̀n láàárọ̀ Kérésìmesì nígbà tí tiyín ń sun èèyàn.

Bó ṣe wá parí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo ẹ̀. Ooru yẹn fúnra ẹ̀ ló ránṣẹ́ pe òtútù. Tí ilẹ̀ bá ti gbóná lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, afẹ́fẹ́ orí ẹ̀ á fúyẹ́, á máa gòkè, ó di dandan kí nǹkan míì wá dí àyè ẹ̀, tí èyí tó wúwo ní Nevada bá sì ti ń lọ sí ìlà-oòrùn kò sí ẹni tó máa dí òkun lọ́nà mọ́. Kùrukùru tó ti sá lọ sí gúúsù á wá máa fà mọ́ etíkun gòkè bọ̀ láti apá Monterey, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ibẹ̀ ń pè é ní southerly surge, ó sì lè yára débi pé ibi tó gbóná janjan lọ́sàn-án á ti di ibi tí wọ́n ti ń wá jákẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó jẹun alẹ́. Ó gba abẹ́ afárá Golden Gate wọlé, ó kọjá lórí ọ̀sà, ó bá yín ní Hayward. Ẹ sọ fún Màmá pé ayé ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀.

Irú ẹ̀ sì ti ṣẹlẹ̀ rí dáadáa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2000, ó wọ 103 dígírì Fahrenheit láàárín ìgboro San Francisco, gbogbo àwọn tó ní AC tan án lẹ́ẹ̀kan náà, iná ò tó, ni wọ́n bá ń pín in ládùúgbò ládùúgbò, wọ́n ń mú un lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí fún àwọn wọ̀nyẹn, àwa ọmọ NEPA ti mọ eré yẹn tipẹ́. Ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017 ló ga jù, 106. Nígbà tó di oṣù kẹfà 2019, pápákọ̀ òfurufú wọn wọ 100, ní Bodega Bay, etíkun kan lápá àríwá San Francisco, òkun fà sẹ́yìn lọ́sàn-án gangan, àwọn mussel, ẹran omi oníkarahun tó lẹ̀ mọ́ àpáta, jiná sínú ìkarahun wọn, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀ lọ bẹẹrẹbẹ. Nǹkan tí omi tutù ń bò lójoojúmọ́, wákàtí mélòó kan péré tí kò bò ó!

Ó dọ̀rọ̀ AC. Ọ̀pọ̀ ilé tó sún mọ́ etíkun yẹn ni wọn ò kọ́ AC sí torí òkun ló ń bá wọn ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, èmi ò sì ní gbà yín níyànjú pé kí ẹ lọ jẹ gbèsè nítorí ọjọ́ mẹ́ta. Àmọ́ ìkókó àti àgbàlagbà wà nínú ilé, ẹni méjì tí ooru kì í bá ṣeré nìyẹn, ooru àkọ́kọ́ lọ́dún sì le ju ti ìparí ẹ̀ lọ torí ara ò tíì mọ́ ọn. Ẹ ra kékeré alágbèéká, ẹ gbé e sí yàrá kan ṣoṣo, kí gbogbo yín sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó tán. Lọ́sàn-án ẹ fa kọ́tìnì, ẹ ti wíńdò, tó bá di alẹ́ ẹ ṣí gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Fáànù dáa, àmọ́ tí inú yàrá bá ti kọjá 90 dígírì Fahrenheit afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fẹ́ sí yín lára, ẹ kúkú gbé Màmá àti ọmọ lọ sí láíbìrì títí tí ilẹ̀ á fi tutù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ má fún un lómi o, ohun yòówù kí Màmá sọ, ọyàn ni kẹ́ ẹ máa fún un léraléra. Tí Màmá bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi dókítà wọn, torí òmíràn máa ń fa omi kúrò lára. Tí ẹnikẹ́ni bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ, tí ara ẹ̀ gbóná bí iná, ẹ pe 911 kíá, ẹ máa fi omi tutù pa á lára kí wọ́n tó dé.

Ìbéèrè: Antioch ni mo wà, nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀rẹ́ mi wà ní Sunset, àdúgbò kan létí òkun nínú San Francisco. Lọ́jọ́ Sátidé mo pè é, mo ní ooru fẹ́ pa mí, ó ní jákẹ́ẹ̀tì lòun wọ̀, pé mo ń purọ́. Mo ní òun ló ń purọ́. A ti fi búrẹ́dì àti ẹyin ta tẹ́tẹ́ sí i. — Ọmọ Ìjẹ̀bú, Antioch

Ìdáhùn: Ẹ jọ jẹ búrẹ́dì yẹn, àbúrò mi, kò sẹ́ni tó purọ́. Wákàtí kan ní mọ́tò ló wà láàárín yín bí gósílóò ò bá sí, àmọ́ òkè ló dúró sáàárín, kùrukùru ò sì lè gun òkè tó bá ga ju òun lọ. Nínú San Francisco náà gan-an, èèyàn lè wà ní àdúgbò Mission kó máa jẹ áísìkiriìmù nígbà tí Sunset ò rí oòrùn, torí òkè Twin Peaks ló dá kùrukùru dúró. Lọ́jọ́ tí kò tiẹ̀ sí ooru àrà ọ̀tọ̀ kankan, Antioch lè wọ 100 dígírì Fahrenheit kí Ocean Beach, etíkun Sunset, má kọjá 58 tàbí 60. Ooru tiyín lọ́hùn-ún àti ti àfonífojì ńlá tí Sacramento àti Stockton wà ló sì ń fa òtútù ti ọ̀rẹ́ ẹ wọlé, torí náà tó bá tún ń yọ ẹ́ lẹ́nu, sọ fún un pé ìwọ lò ń làágùn kó tó rí atẹ́gùn fẹ́. Ìgbà tó o bá ń gba òkè Altamont kọjá, wo àwọn fáànù gogoro tó ń yí lórí òkè tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná, atẹ́gùn yìí kan náà ni wọ́n ń jẹ.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, Èkó ni mo wà, ọmọ mi máa gbàwé jáde ní San Francisco, ìparí oṣù karùn-ún. Lace ni mo fẹ́ wọ̀. Wọ́n ní ooru ni, ẹlòmíì ní òtútù ni. Èwo ni kí n dì? — Ìyá Olóyè, Súrùlérè

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o. Ẹ di méjèèjì. Lace dáa, àmọ́ ẹ wá súẹ́tà tàbí ṣọ́ọ̀lù tó bá a mu sápò ọwọ́, torí ó lè ṣú láàárọ̀, kí oòrùn là lọ́sàn-án, kí atẹ́gùn tún bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, gèlè yín lè má bá yín délé. Ẹ̀yin ará Èkó kúkú mọ nǹkan tó jọ ọ́, òtútù oṣù kẹjọ, tí òjò á sinmi díẹ̀, tí ojú ọ̀run á kàn ṣú dẹ̀dẹ̀. Omi tutù tó ń gòkè láti ìsàlẹ̀ òkun níwájú Côte d'Ivoire àti Ghana títí dé apá Togo àti Benin wà lára ohun tó ń fà á, òkun tó ń gbóná tó 28 dígírì Celsius tẹ́lẹ̀ á lọ sílẹ̀ kúrò ní 25. Ìgbà yẹn náà ni àwọn apẹja Ghana máa ń kó ẹja ṣawá jù. Ẹ kàn rò pé oṣù kẹjọ Èkó lẹ fẹ́ lọ bá, kẹ́ ẹ wá yọ bíi dígírì Celsius mẹ́wàá kúrò nínú ẹ̀.

Ìbéèrè: Tí ooru bá tún dé, àwọn ọmọ mi ní àwọn fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ ní Ocean Beach. Wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa. Ṣé kí n jẹ́ wọ́n lọ? — Bàbá Ìbejì, Oakland

Ìdáhùn: Ẹ má jẹ́ wọ́n wọnú omi ibẹ̀. Oòrùn á máa ràn lórí, omi á ṣì tutù bí mo ṣe wí lókè, tí òtútù yẹn bá gbá ara lójijì èèyàn á mí gúlẹ́, tí omi bá bò ó lẹ́nu lásìkò yẹn á gbé e mì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣàn omi ibẹ̀ máa ń fa èèyàn lọ sí agbami, ó ti gbé àwọn tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ dáadáa lọ. Wọ́n lè rìn lórí yanrìn, kí wọ́n jẹ gúgúrú, kí wọ́n má kẹ̀yìn sí òkun. Tó bá jẹ́ omi gan-an ni wọ́n ń wá, ẹ kó wọn lọ sí Crown Beach ní Alameda, kò jìn sí yín, inú ọ̀sà ló wà, kò jìn nísàlẹ̀, ó sì ń gbà kí oòrùn yá a díẹ̀. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, torí atẹ́gùn á ti le lọ́sàn-án, ẹ sì mú táwẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ dání.