Oògùn koríko ẹni tí a jọ pààlà ti ba tòmátì mi jẹ́

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá ni mo ti ń dáko. Ẹni tí a jọ pààlà fọ́n oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní 2,4-D sí àgbàdo rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò pẹ́ sí i, ewé tòmátì mi ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n fún. Ó ní kì í ṣe òun, pé atẹ́gùn ò fẹ́ rárá lọ́jọ́ náà. Ṣé òótọ́ ni? Ìyá Àdùkẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Àdùkẹ́. Ó lè má purọ́ o, àmọ́ àìfẹ́ atẹ́gùn yẹn gan-an ló ṣeé ṣe kó fa ọ̀ràn. Bí oòrùn bá ń wọ̀ tí ojú ọ̀run sì mọ́ kedere, atẹ́gùn tó fara mọ́ ilẹ̀ a tètè tutù, tòkè ṣì gbóná. Tòkè a wá dà bí ọmọrí lórí tìsàlẹ̀. Oògùn tó wẹ́ bí ìrì kò ní lè tètè balẹ̀, yóò léfòó, yóò sì rọra ṣí lọ sí oko olóko. Bín-ín-tín 2,4-D sì ti pọ̀ jù fún tòmátì.

Èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé táńkì kọ́ ẹ̀yìn ní Alábàtà, mo ń fa pọ́ǹpù títí omi fi dà bí èéfín. Mo rò pé bó bá ṣe wẹ́ tó ni yóò ṣe pa koríko tó. Ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ló jìyà rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti fẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe ń wọn oògùn tó ń ṣí lọ. Ìlànà ISO 22866, ti àjọ tó ń ṣètò ìlànà fún gbogbo àgbáyé, jáde lọ́dún 2005, kí èyí tí wọ́n wọ̀n ní Jámánì lè ṣeé fi wé ti Netherlands. Katakata ni wọ́n sábà fi ń fọ́n tiwọn, nítorí náà n kò ní gbé iye tí wọ́n rí lé táńkì ẹ̀yìn tiwa lórí. Ọgbọ́n wọn ni ká yá, ká fojú ara wa rí ibi tí oògùn ń ṣí dé.

Ẹ ní kí ẹni tí ẹ jọ pààlà fọ táńkì rẹ̀ mọ́ tónítóní, kó bu omi lásán sí i, kó po àwọ̀ pupa tí àwọn oníkéèkì ń lò mọ́ ọn. (Kì í ṣe aró Ìtòkú o! Ẹ má dí imú táńkì onítáńkì.) Ẹ to pépà funfun láti ẹ̀bá àgbàdo rẹ̀ dé ìdí tòmátì yín, kó wá fọ́n ọn bó ṣe fọ́n ọn lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ wo ibi tí àmì pupa dé, kẹ́ ẹ sì rántí pé èyí tójú rí nìkan nìyẹn. Lẹ́yìn náà, kó tún un ṣe láàárọ̀ nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa, tí atẹ́gùn díẹ̀ ń fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín: kó lo imú táńkì tí ẹ̀kán omi rẹ̀ tóbi, kó rẹ ọwọ́ sílẹ̀, kó má fa pọ́ǹpù jù.

Tòmátì tó ti lọ́ yẹn, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì gbé e lọ Kútọ̀ lọ tà.