Kí Ló Dé Tí Mo Pàtẹ́wọ́ fún Medea?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Aránṣọ ni mí ní Ojúẹlẹ́gba. Ọmọ mi tó wà ní Yunifásítì Èkó ló mú mi lọ wo eré àwọn ará Gíríìkì kan ní Akọkà, Medea lorúkọ rẹ̀. Ọkọ obìnrin náà já a sílẹ̀, ó lọ fẹ́ ọmọ ọba. Obìnrin náà fi aṣọ olóró ránṣẹ́ sí ìyàwó tuntun, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa ọmọ méjèèjì tó bí fún ọkọ. Ọkọ tèmi náà ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ olówó kan. Nígbà tí aṣọ yẹn gbiná mọ́ ìyàwó lára, mo pàtẹ́wọ́. Nígbà tó pa àwọn ọmọ, ẹkún ni mo sun délé. Kí ló dé tí mo pàtẹ́wọ́? Kí ló sì dé tí àwọn obìnrin tó wà níta kò wọlé lọ gba àwọn ọmọ sílẹ̀? Ṣé bí gbogbo ẹ̀san àwọn Gíríìkì ṣe máa ń parí nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ìfaradà ọ̀rọ̀ ọkọ yín. Ọlọ́run yóò tù yín nínú.

Ẹ pàtẹ́wọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni Euripides, akéwì Gíríìkì tó kọ ọ́, ṣe to eré náà. Kí ọ̀rọ̀ tó kan aṣọ, ó ti jẹ́ ká mọ gbogbo ohun tí Medea pàdánù nítorí Jason ọkọ rẹ̀. Ó da bàbá rẹ̀ nítorí ọkùnrin yìí, ó pa ọmọ ìyá ara rẹ̀, kò sì sí ilé tó lè padà sí mọ́. Jason ti na ọwọ́ ọ̀tún sí i, ó ti fi òrìṣà búra fún un. Nígbà tó wá dé, ó ní torí àwọn ọmọ lòun ṣe ń fẹ́ ọmọ ọba, kí wọ́n lè di ẹbí ọlọ́lá. Obìnrin wo ni kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí l'Ékòó? Creon, ọba Kọ́ríńtì, tún ní kí Medea kó ọmọ rẹ̀, kó fi ìlú sílẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni Medea bẹ̀ ẹ́ fún, ọjọ́ kan náà ló sì fi ṣe gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ránṣọ, ẹ tún aṣọ yẹn wò. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, wọn kì í sábà pànìyàn lójú agbo; ìránṣẹ́ ló máa ń wá ròyìn. Ìránṣẹ́ yìí ní ọmọdébìnrin náà wọ aṣọ, ó fi adé wúrà lérí, ó gbé dígí, ó ń tún irun rẹ̀ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín sí òjìji ara rẹ̀. Ó dìde, ó ń rìn káàkiri yàrá, ó ń bojú wẹ̀yìn wo gìgísẹ̀ rẹ̀ bóyá aṣọ náà balẹ̀ dáadáa. Ẹ ti rí oníbàárà tó ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú dígí ṣọ́ọ̀bù yín. Lẹ́yìn náà ni ìfófòó yọ lẹ́nu rẹ̀, adé gbiná, ẹran ara ń ro kúrò légungun. Bàbá rẹ̀ dì mọ́ ọn, aṣọ lẹ̀ mọ́ òun náà. Bó ṣe fẹ́ dìde, ẹran ara rẹ̀ ń ya. Lójú tèmi, Euripides mọ̀ọ́mọ̀ fi dígí yẹn síbẹ̀ ni, kí ẹni tó fẹ́ pàtẹ́wọ́ lè dá ọwọ́ dúró lójú ọ̀nà.

Ti àwọn obìnrin ìta ló dùn mí jù. Ará Kọ́ríńtì ni wọ́n, àwọn ni ẹlẹ́gbè eré náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Medea bẹ̀ wọ́n pé bí òun bá rọ́nà gbẹ̀san, kí wọ́n má sọ. Wọ́n gbà, wọ́n ní ó tọ́ kó fìyà jẹ ọkọ rẹ̀. Nígbà tó wá ní òun yóò pa àwọn ọmọ, wọ́n bẹ̀bẹ̀, kò gbọ́, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí àwọn ọmọ ké nínú ilé, wọ́n bi ara wọn pé ṣé kí àwọn wọlé. Àwọn ọmọ dáhùn láti inú pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí Ọlọ́run, ẹ gbà wá! Wọ́n dúró síbẹ̀.

Nínú ilé tí mo ń gbé ní Ọbáléńdé, yàrá kọjú sí yàrá. Bí ọmọ kan bá ké lóru bí kò ṣe yẹ kó ké, Ìyá Alákàrà á ti gbá ilẹ̀kùn kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi ń ká mi lára. Àwọn kan á ní òfin eré ni, pé ẹlẹ́gbè kì í kúrò lójú agbo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló fipá mú Euripides pé kó jẹ́ kí wọ́n béèrè, kí àwọn ọmọ sì dáhùn? Ó fẹ́ ká rí àwọn tó ti gbè sẹ́yìn ẹ̀san kó tó di ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí Euripides fi eré náà dije nílùú Áténì lọ́dún 431 ṣáájú ìbí Jésù, ipò kẹta ni wọ́n fún un nínú akéwì mẹ́ta.

Ohun tí Medea ń tún sọ ṣáá ni pé kí ọ̀tá má fi òun rẹ́rìn-ín. Ní ìparí, Jason ní ìwọ náà ń jẹ̀rora. Medea ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó tó, bí ìwọ kò bá ti lè fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí gbólóhùn yẹn lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ bá bi yín pé ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa jẹ́ kó lọ ni.

Gbogbo eré ẹ̀san àwọn Gíríìkì kọ́ ló ń parí báyìí o. Lọ́dún 458 ṣáájú ìbí Jésù, akéwì Gíríìkì mìíràn, Aeschylus, gbé eré mẹ́ta tó tẹ̀ léra jáde, Oresteia lorúkọ wọn, ó sì gba ipò kìíní. Ọba Agamemnon fi ọmọbìnrin rẹ̀ rúbọ, ìyàwó rẹ̀ pa á, ọmọkùnrin wọn Orestes sì pa ìyá rẹ̀. Àwọn ẹ̀mí ẹ̀san ń lé e kiri títí Athena, òrìṣà obìnrin tó ni ìlú Áténì, fi kó àwọn ará ìlú náà jókòó bí adájọ́. Ìbò dọ́gba, Orestes lọ lómìnira. Inú bí àwọn ẹ̀mí ẹ̀san gidigidi, ṣùgbọ́n Athena kò lé wọn. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gba ilé nínú ìlú rẹ̀. Bí ọmọ yín bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe é ní Akọkà, ẹ jẹ́ kó mú yín lọ.