Ọmọ mi ní kí n má se oúnjẹ wa fún àlejò Memorial Day

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Maryland ní Amẹ́ríkà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú ọmọ méjì, ọkùnrin ọmọ ọdún 13 àti obìnrin ọmọ ọdún 8. A fẹ́ dáná bábíkíù lẹ́yìnkùlé wa lọ́jọ́ Memorial Day, ìsinmi ọjọ́ Ajé tí wọ́n fi ń rántí àwọn ọmọ ogun tó kú. Àwọn ará àdúgbò ń bọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì ọmọ mi ọkùnrin ń bọ̀ pẹ̀lú òbí wọn, àwọn ẹbí wa yóò sì ti dé láti ọjọ́ Sátidé.

Ọ̀rọ̀ méjì ló ń dà mí láàmú. Ọmọ mi ọkùnrin bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́ má se oúnjẹ wa, kí n ra bọ́gà àti hot dog bíi ti gbogbo èèyàn. Bàbá rẹ̀ gbọ́, inú bí i gidi, ó ní kò sẹ́ni tó máa sọ oúnjẹ Yorùbá di ohun ìtìjú nínú ilé òun. Láti ọjọ́ náà, ẹnu wọn ò fi bẹ́ẹ̀ kò mọ́. Èkejì, àbúrò ọkọ mi fẹ́ràn wáìnì. Kì í ṣe ọ̀mùtí o, ṣùgbọ́n tó bá ti mu díẹ̀, á gbé ife sún mọ́ ọmọ mi lẹ́nu, á ní "Tọ́ ọ wò, o ti ń di ọkùnrin." Mi ò fẹ́ kí ìjà ẹbí bẹ́ sílẹ̀ lójú àlejò. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Ìdáhùn

Ẹ kú ìmúra o, àbúrò mi. Àlejò á bá yín láyọ̀. Houston ni èmi wà, àwọn ọmọ tèmi fi díẹ̀ ju tiyín lọ, a sì ti jọ fa irú ọ̀rọ̀ yìí rí nínú ilé wa.

Ẹ bá mi bẹ bàbá ọmọ kó fọwọ́ wọ́nú. Ọmọ ọdún 13 tó ní kí ẹ má se oúnjẹ wa kò tíì kọ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo rí lára àwọn tèmi ni pé ìbéèrè ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ á nàka sí abọ́, á ní "Kí nìyí? Kí ló wà nínú ẹ̀?" Ọmọ á wá máa wolẹ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá yín gún ata, tó bá yín gé ẹran, tó mọ ohun gbogbo tó wọ inú abọ́ yẹn, á lè dáhùn láìwojú ẹnikẹ́ni. Torí náà, ẹ má pa oúnjẹ wa tì, ẹ má sì fi agídí gbé e kalẹ̀. Ẹ fa iṣẹ́ kan lé ọmọ yẹn lọ́wọ́ pátápátá. Tó bá jẹ́ èmi ni, súyà ni màá fà lé e lọ́wọ́.

Ìdí tí mo fi mú súyà ni pé oúnjẹ orí iná ni àwọn èèyàn yìí ń bọ̀ wá jẹ. Ẹni tí ẹ bá gbé ẹ̀fọ́ rírò fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè kọ́kọ́ máa wò ó. Ẹran tó ń rú èéfín lórí igi, ọwọ́ ni wọ́n máa nà sí i. Bọ̀ọ̀lì náà bá èédú mu, àgbàdo sísun bá a mu, ẹja tí ẹ fi ata àti àlùbọ́sà kùn lára bá a mu. Ẹ se ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò nílò àlàyé. Kí ẹ sì ra bọ́gà àti hot dog tí ọmọ béèrè, àwọn ọmọ kéékèèké á fẹ́ ẹ. Tí Mùsùlùmí bá wà lára àlejò tàbí ẹbí yín (ẹbí Yorùbá wo ni kò ti sí?), ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí hot dog kí ẹ tó rà á, torí ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ mú èyí tó jẹ́ kìkì ẹran màlúù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ súyà lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ̀yin àti ọmọ nìkan. Ẹ gbé ẹran náà sínú fírísà títí yóò fi le díẹ̀, ìgbà yẹn ni ọ̀bẹ á lè gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ fi hàn án bó ṣe máa gé e dábùú iṣan ẹran, kó má baà le bíi bàtà lẹ́nu. Kó rẹ igi súyà sómi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó fi ẹran gún un, kí iná má baà jó igi tán kí ẹran tó jinná. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ po yájì, ìyẹn ata súyà, kó gbóòórùn ẹ̀ẹ̀rù àti kànáfùrù, kó sín. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló máa ń rọ́ fún ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù nìyí: ẹ̀pà. Kúlíkúlí ló pọ̀ jù nínú yájì, ẹ̀pà sì ni kúlíkúlí. Nílé, kò sẹ́ni tó ń béèrè. Níbí, ọmọ tí ara rẹ̀ kì í gba ẹ̀pà lè wà láàárín àwọn ọmọ kíláàsì yẹn, ó sì lè jẹ díẹ̀ báyìí kí ètè àti ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kó má rí èémí mí mọ́. Súyà tún wá léwu ju àkàrà ẹ̀pà lọ ní tiẹ̀, torí kò sí òbí òyìnbó tó máa rí ẹran lórí igi tó máa rò pé ẹ̀pà wà lára rẹ̀. Ohun 9 ni òfin Amẹ́ríkà ní kí àwọn tó ń ṣe oúnjẹ máa kọ sára páálí nítorí irú ọ̀rọ̀ yìí: mílíìkì, ẹyin, ẹja, edé àti akàn, ẹ̀pà, èso bíi kaṣú, àlìkámà, sóyà, àti yàmọ̀tí tí òfin tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2023. Ẹ wo ìkòkò wa bí edé gbígbẹ ṣe máa ń bọ́ sínú rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òbí kọ̀ọ̀kan láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ bi wọ́n léèrè tààrà pé kí ni ọmọ wọn kì í jẹ. Kì í ṣe àrífín, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni. Tí ẹnì kan bá ní ẹ̀pà ni ọmọ òun kì í jẹ, ẹ yọ ẹ̀pà kúrò nínú súyà ọjọ́ náà pátápátá. Ẹ má ṣe oríṣi méjì lórí gíríìlì kan ṣoṣo, torí ọ̀kan á ràn mọ́ èkejì. Atalẹ̀ gbígbẹ, ata gígún, ẹ̀ẹ̀rù, kànáfùrù, àlùbọ́sà àti aáyù lílọ̀ pẹ̀lú iyọ̀, ó dùn, mo ti jẹ ẹ́. Nílé ni kí ẹ ti lọ̀ ọ́. Yájì inú ọ̀rá tí wọn ò kọ nǹkan kan sí lára, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ sì fi òróró mìíràn rọ́pò òróró ẹ̀pà. Tí kò bá sì sí ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà, ẹ ṣe yájì yín bó ṣe yẹ kó rí, kí ọmọkùnrin yín kọ ọ́ gàdàgbà sórí káàdì níwájú abọ́ pé ẹ̀pà wà níbẹ̀. Òun ni yóò dúró tì í, òun ni yóò máa dáhùn. Ẹ sì rántí o, tí ọmọ kan bá jẹ ohun tí kò bá a lára mu, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sáré gbé epo pupa tàbí mílíìkì fún un. Abẹ́rẹ́ epinephrine tí òbí rẹ̀ mú dání ni kí wọ́n gún un, kí ẹ sì pe 911 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Tẹmómítà ẹran kò wọ́n, ẹ ra ọ̀kan. Adìyẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé 165 Fahrenheit nínú lọ́hùn-ún, bọ́gà dé 160, torí àwọ̀ ẹran máa ń tan èèyàn. Bí a ṣe máa ń bọ adìyẹ kí a tó sun ún yẹn ṣe wá láǹfààní, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀. Abọ́ tó gbé ẹran tútù jáde kò gbọdọ̀ gbé èyí tó jinná wọlé. Oúnjẹ kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ, tí oòrùn bá sì ti mú ju 90 Fahrenheit lọ, wákàtí 1 péré. Jọ̀lọ́ọ̀fù tó ti di lọ́wọ́ọ́wọ́ nínú kúlà wà lára rẹ̀. Ẹ máa bù ú jáde díẹ̀díẹ̀, kí ìyókù wà nínú ààrò gbígbóná.

Nípa ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ẹbí tó ń bọ̀ kí wọ́n má máa kí àwọn ará àdúgbò pé "Happy Memorial Day." Ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú lójú ogun ni. Láti 1868 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún, wọ́n ń lọ fi òdòdó sí orí sàréè wọn, ọdún 1971 ni ó di ọjọ́ Ajé tó gbẹ̀yìn nínú oṣù náà. Ó lè jẹ́ pé ọmọ ẹni tó jókòó tì yín ni wọ́n gbé wálé nínú pósí. Tí aago 3 ọ̀sán bá lù, àwọn kan á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ ní kí wọ́n yí orin wálẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ wáìnì. Níbí yìí, mi ò ní bá yín fi ẹnu rọ̀ ọ́. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 21, òfin ò fún un láàyè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ fún òbí: ní Texas níbí, òbí lè fún ọmọ tirẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé èèyàn dé ilé ẹjọ́ ni. Ẹ ro ó wò, ife yẹn wà lọ́wọ́ ọmọ yín, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́rin dúró tì í, ìyá wọn ń wò láti ọ̀ọ́kán. Ẹ máa rí àlàyé ṣe.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ọmọ ni ẹ fi sílẹ̀ láti kọ̀ ọ́. Ọmọ Yorùbá tí a kọ́ dáadáa, ọwọ́ méjèèjì ló fi ń gba ohun tí àgbà bá nà sí i. Báwo ni yóò ṣe wá wo ojú ọ́ńkù rẹ̀ pé òun ò gbà? Bàbá rẹ̀ ni kó gbà á lọ́wọ́ ìyẹn. Kó pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù kí ó tó gbéra nílé, láìsí ariwo, kó ní "Má fún ọmọ mi ní ọtí mọ́, èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má dá sí i, torí tó bá ti ẹnu yín jáde, wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìyàwó àti àna. Kí bàbá sì sọ fún ọmọ náà pé tí wọ́n bá gbé ife dé, kó ní "Ẹ ṣé, ọ́ńkù. Dádì ní kí n má mu ún." Kò rí ọ́ńkù fín, àṣẹ bàbá rẹ̀ ló sọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún àbúrò ọkọ yín ní iṣẹ́ tó níyì. Kó jẹ́ òun ni yóò máa bu wáìnì fún àwọn àgbà, lórí tábìlì kan ṣoṣo, kí ìgò kankan má kúrò níbẹ̀. Ẹni tí a fi nǹkan sí ìkáwọ́ rẹ̀ lójú àlejò máa ń ṣọ́ ọ. Ẹ fún un ní ife kékeré, torí ìgò 750 ml kan, ife márùn-ún ni, ife ńláńlá wa sì lè gba ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan. Omi èso àjàrà tó ń hó tí ẹ bá rà fún àwọn ọmọ, ìgò rẹ̀ jọ ti wáìnì gan-an, títí dé fọ́ìlì orí rẹ̀. Ẹ kó o sínú kúlà ọ̀tọ̀, ní ìhà kejì ọgbà, kí ọmọ ọdún 8 yín má baà fọwọ́ fà á nínú yìnyín tán kí ẹ wá rí i pé ìgò àgbà ni.

Ẹni tó bá máa wa mọ́tò lọ kò gbọdọ̀ wà lára àwọn tó ń gba ife léraléra. Òfin ò jẹ́ kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ dé 0.08 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìpínlẹ̀ yín, ara kan sì máa ń dé ibẹ̀ kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Àbúrò ọkọ yín ṣáà ń sùn lọ́dọ̀ yín. Kí bàbá ọmọ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀, nígbà tí ojú ṣì dá, kó fi í sínú yàrá, ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí ó tó fún un padà.